Téèpù Mi Kò Yí Ìbàdí Rẹ̀ Ká Mọ́

Ní Kambolé tiwa ní Togo, bí obìnrin bá sanra, wọ́n ní ọkọ ń tọ́jú ẹ̀. Èmi tí mò ń ránṣọ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Téèpù mi kò yí ìbàdí oníbàárà mi kan ká mọ́. Ó ń mí gúlegúle, àtọ̀gbẹ sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn Sokodé.

Iṣẹ́ abẹ tó lè ran irú rẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n fi ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, kì í ṣe oge. Ṣúgà ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ tó sanra máa ń wálẹ̀, nígbà míì kí wọ́n tó fọn pàápàá. Maradona agbábọ́ọ̀lù ṣe oríṣi iṣẹ́ abẹ ìsanra mìíràn ní 2005. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe é, fítámì di títí ayé nìyẹn, iyán Tchamba a sì di òkèlè mélòó kan. Ẹni tí kò bá lè máa ra fítámì, kó má dáwọ́ lé e.