Epo Ọbẹ̀ Kì Í Ṣe Epo Mọ́tò

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ọjà báyìí. Wọ́n ní epo tí a fi ń se ọbẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi ń wa mọ́tò, wọ́n ní báyòdísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Àwọn elépo kan nínú wa tilẹ̀ ti ń ṣírò èrè. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, torí kò sí ẹni tí dísẹ́ẹ̀lì kò kàn nínú wa. Lọ́rì tó ń kó iṣu wá, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Ẹ̀rọ tó ń lọ ata àti ẹ̀gẹ́, dísẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀, lítà kan kò ju nǹkan bí 300 náírà lọ. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá 800. Àwa tí à ń retí tòmátì láti Òkè Ọya la mọ ohun tí ojú wa rí.

Ká sọ òótọ́, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1900, níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris, òróró ẹ̀pà ni wọ́n bù sínú ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ìjọba Faransé ló fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀pà ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn lè máa wa ẹ̀rọ. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo ẹ̀pà wa.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ìgbà náà kọ́ ni ti òní. Epo pupa ki ju dísẹ́ẹ̀lì lọ. Ihò tín-ín-rín ni ẹ́ńjìnnì fi ń tú epo sínú iná. Èyí tó bá ki kò ní túká, kò ní jóná tán, á wá dì mọ́ inú ẹ́ńjìnnì bí ìdodo ìkòkò. Ọkùnrin kan tó ń bá wa lọ ata dán an wò. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, òórùn dòdò ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń pa wá lébi. Kí oṣù tó parí, ẹ̀rọ kò dáhùn mọ́. Owó tí mẹkáníìkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju gbogbo èyí tó rò pé òun jèrè lọ.

Báyòdísẹ́ẹ̀lì gidi, ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀yin ọlọ́ṣẹ ni yóò kọ́kọ́ yé. Wọ́n á sẹ́ epo, wọ́n á gbẹ omi ara rẹ̀. Wọ́n á wá po kọ́sítíìkì sódà tí ẹ̀yin náà ń lò mọ́ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, wọ́n á dà á sínú epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á rò ó, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ lókè ni báyòdísẹ́ẹ̀lì, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni gilisiríìnì. Epo lítà 100 pẹ̀lú mẹ́tánọ́ọ̀lù bí i lítà 20 lè mú báyòdísẹ́ẹ̀lì bí i lítà 100 wá. Bí omi bá wà nínú epo, tàbí tó bá ti kan, ọṣẹ ni yóò dà mọ́ yín lọ́wọ́.

Wọ́n sábà máa ń pò ó mọ́ dísẹ́ẹ̀lì ni. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni ètò tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 sọ. Èéfín rẹ̀ kò dúdú tó ti dísẹ́ẹ̀lì, agbára rẹ̀ náà sì fi díẹ̀ dín. Ó máa ń fọ ìdọ̀tí táńkì, fílítà á wá dí. Ó sì ń jẹ rọ́bà ẹ́ńjìnnì àtijọ́, bẹ́ẹ̀ àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an ni pé, epo wo ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é? Indonesia ló ń ṣe epo ọ̀pẹ jù láyé. Òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n po báyòdísẹ́ẹ̀lì epo ọ̀pẹ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì: ìdá 30 ní 2020, 35 ní 2023, 40 ní 2025. Ní 2022, àwọn obìnrin ibẹ̀ ń tò sórí ìlà nítorí òróró ìdáná, títí ìjọba fi ní kí ẹnikẹ́ni má kó epo jáde nílùú, láti ọjọ́ 28 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún. Báyòdísẹ́ẹ̀lì nìkan kọ́ ló fà á, ogun Ukraine wà níbẹ̀, àwọn olówó tó ń kó epo lọ síta wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò àti ọmọ bá jọ jókòó sídìí abọ́ kan, mọ́tò ló máa kọ́kọ́ yó, torí ẹni tó ni mọ́tò ló lówó lọ́wọ́. Àwa ńkọ́, tí epo tí à ń ṣe ní Nàìjíríà kò tó wa jẹ, tí à ń rà kún un láti òkè òkun? A kò fara mọ́ ọn. Bí àwọn elépo wa bá bínú, kí wọ́n máa bínú.

Èyí tí a fara mọ́ ni òróró àlòkù. Èyí tí ẹ ti fi dín àkàrà, dòdò àti ẹja títí ó fi dúdú, ibo ló ń lọ? Òmíràn ń lọ sínú gọ́tà. Òmíràn, ká má tan ara wa, àwọn kan ń rà á, wọ́n ń pò ó mọ́ tuntun, wọ́n sì ń tà á padà fún wa. Òun ló yẹ kí mọ́tò máa mu. Làpálàpá náà dára, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́, bí wọn kò bá ti gba ilẹ̀ iṣu fún un.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dán an wò lẹ́yìnkùlé. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú ògógóró tó pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ojú àwọn kan kọ́kọ́ fọ́; àwọn aráàlú kan ní òrìṣà ló ń jà. Òórùn rẹ̀ ń pani lára, bó bá gbiná lọ́sàn-án, agbára káká ni ẹ ó fi rí iná náà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣe é.

Tiwa ni kíkó òróró jọ. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí omi tàbí epo ẹ́ńjìnnì kàn án. A ń bẹ Ìyálọ́jà àti ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí yóò máa rà á, kí wọ́n sì dá iye tí a ó tà á kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Kí ìyẹn tó yanjú, dísẹ́ẹ̀lì ni kí oníẹ̀rọ máa rà, bó ti wù kó wọ́n tó.