Oko Kajú Ń So. Kí Ni Tókìn Ń So?

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra oko kajú ní Igbaruku, ní ilẹ̀ Ọ̀kun, kì í ka ewé orí igi. Ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé: àpò mélòó ni oko yìí so lọ́dún tó kọjá?

Ká ní oko kan jẹ́ mílíọ̀nù 2 náírà, tí ó sì ń mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 wọlé lọ́dọọdún. Ọdún 4 ni owó olówó yóò fi padà. Ká ní oko kejì jẹ́ mílíọ̀nù 1 péré, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 ni ó ń mú wọlé. Ọdún 20 nìyẹn. Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì?

Ó yani lẹ́nu pé bí ọmọ àgbẹ̀ yìí kan náà bá gbé fóònù lọ́wọ́, ọgbọ́n baba rẹ̀ a fò lọ. Yóò ní Bitcoin ti wọ́n jù, yóò sì lọ ra tókìn kírípítò tí ẹyọ kan rẹ̀ kò tó náírà 1, nítorí pé "ó ṣì kéré, yóò dàgbà." Ẹ̀tàn gbáà ni. Iye ẹyọ kan kò sọ nǹkankan fúnni, àyàfi tí a bá fi iye ẹyọ tó wà sọ ọ́ di púpọ̀. Hamster Kombat, tí tọmọdé tàgbà ń tẹ fóònù nítorí rẹ̀ ní 2024, ní ẹyọ bílíọ̀nù 100. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ sẹ́ǹtì 1 péré, gbogbo rẹ̀ ti di bílíọ̀nù 1 dọ́là. Èrè wo ni eré orí fóònù ń mú wá tí yóò fi tó bẹ́ẹ̀? Kí a tó fi tókìn kan wé òmíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi owó tó ń wọlé fún un lọ́dún pín iye gbogbo rẹ̀.

Síbẹ̀, ta ni owó náà ń wọlé fún? Ní 2020 ni Uniswap, ọjà pàṣípààrọ̀ kírípítò, gbé tókìn UNI jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó kó owó sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀ ló ń gba owó tí àwọn oníbàárà ń san. Ẹni tó di UNI mú kò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Oko ń so, ẹlòmíràn ló ń kórè.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń pe owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní èrè. CBEX ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 30. Nígbà tí ó dojú dé ní oṣù kẹrin 2025, àwọn tínú ń bí ya bo ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ta ló rí oko tí èrè náà ti ń wá rí?

Àwọn kan yóò ní góòlù pàápàá kì í so, síbẹ̀ ó níye lórí, bẹ́ẹ̀ sì ni Bitcoin rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra góòlù mọ̀ pé ẹni tí yóò rà á lọ́la ni òun gbójú lé. Kí ẹni tó ń ta góòlù má ṣe pè é ní oko fún wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ọ̀kun, owó tí àwọn òbí yín fi òógùn kó jọ lẹ ń kó lọ síbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń polówó tókìn ní ìbéèrè mẹ́ta: Èló ni gbogbo rẹ̀? Èló ló ń wọlé lọ́dún? Ta ló ń gbà á? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ di àpò yín mú.