Ìyá Tó Ń Ṣarán Kì í Ṣe Ẹrù Ọmọ Kan

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe ẹlẹgbẹ́ mi, ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá aráyé. Ijó tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí ni, àwa ará Yewa sì ń fi í yangàn. Síbẹ̀, bí ìyá bá ń ṣarán, tí kò dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́, orí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni a ń di gbogbo ẹrù lé. Òun ni ń wẹ̀ ẹ́, tí ń bọ́ ọ, tí ń wá a kiri lóru, títí òwò rẹ̀ fi dẹnu kọlẹ̀. Àdúgbò ní ìyá ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Àwọn awo kan, ó ṣeni láàánú, ń ṣe àṣẹ sí i. Èdè ni iṣẹ́ mi: arán ni àwọn baba wa pè é, wọn kò pè é ní àjẹ́. Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí rẹ̀ ní Ìdíkàn. Àrùn tí ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹbí Yorùbá kì í pa àgbà tì. Àwọn ọmọ yòókù ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó. Owó kò lè jókòó ti ìyá lóru. A ní àárò fún oko, kí ló dé tí a kò ní in fún ìtọ́jú ìyá? Kí ẹgbẹ́ wa ní Ìlaròó àti Ayétòrò yan ẹni méjì fún irú ilé bẹ́ẹ̀, kí olùtọ́jú lè rí ọjọ́ ọjà ná. Orúkọ tèmi ni kí wọ́n kọ ṣáájú.