Ìrànwọ́ Ni, Àbí Ọjà Àwìn?



Nígbà kan, bí a bá ti gbọ́ pé ìrànwọ́ ń bọ̀ láti òkè òkun, ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ọkàn wa ń lọ: Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Báńkì Àgbáyé. Láyé ìsinsìnyí, Ṣáínà, Íńdíà àti Bràsíl, tí àwọn náà ti gba ìrànwọ́ rí, ti di ẹni tó ń nawọ́ owó sí ẹlòmíràn. Inú àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń dùn sí i. Wọ́n ní ẹni tó ti jìyà rí ló mọ ìyà. Àwọn kan ní ìlú wa ni wọ́n fẹ́ gbà. Lójú tiwa, ìkánjú ló wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ohun tí akápò wa máa ń béèrè bí owó bá wọlé: ẹ̀bùn ni, ẹ̀yáwó ni, àbí ọjà àwìn?

Ẹ jẹ́ ká fi ojú irin wò ó. Nígbà tí Ian Smith àti àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ìjọba ara wọn ní Rhodesia ní ọdún 1965, láìgba àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí Sáḿbíà ń gbà kó bàbà rẹ̀ dé etí òkun bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ààrẹ Kaunda ti Sáḿbíà àti Ààrẹ Nyerere ti Tànsáníà wá owó lọ sọ́dọ̀ Báńkì Àgbáyé àti àwọn ìjọba òyìnbó, kí wọ́n lè la ojú irin gba Dar es Salaam. Wọ́n ní iṣẹ́ náà kò lè mú owó wọlé. Ṣáínà ló gbà láti ṣe é, ní 1967, Ṣáínà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì jẹun yó nígbà náà. Owó tó yá wọn kò ní èlé kankan, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì fún wọn láti fi san án. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ó parí ní 1975: 1,860 kìlómítà, láti Dar es Salaam títí dé Kapiri Mposhi. Ó lé ní ọgọ́ta ará Ṣáínà tó kú sẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ní kò sí àánú nínú rẹ̀ kò sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn náà tó yẹ kí ọlọ́jà tẹ́tí sí dáadáa. Owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ ńkọ́? Ṣáínà kò kó owó náà wá. Ọjà ló kó wá. Àwọn ilé ìtajà ìjọba ní Tànsáníà àti Sáḿbíà ta ọjà Ṣáínà fún ará ìlú, owó tó sì wọlé ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́. Ẹ rò ó wò ná! Òṣìṣẹ́ gba owó, ó lọ fi ra ọjà Ṣáínà, owó padà sídìí iṣẹ́. A ò sọ pé ìwà burúkú ni o. Ọgbọ́n ajé ni. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ọjà kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ohun tó ní ló fi ṣe ìrànwọ́. Kí a ṣáà mọ̀ pé inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni ìrànwọ́ àti ọjà wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1979, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìrànwọ́ ojú irin fún ilẹ̀ òkèèrè nínú ìjọba Ṣáínà di kọ́ńpìnnì. CCECC ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn ló ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù June 2021. Ìrànwọ́ ni wọ́n bá lọ sí Tànsáníà nígbà yẹn. Òwò ni wọ́n bá wá sọ́dọ̀ tiwa. Oníbàárà la jẹ́, kì í ṣe aláàánú ló wá bá wa lálejò.

Owó tí Nàìjíríà yá lọ́wọ́ Exim Bank ti Ṣáínà fún iṣẹ́ náà lé ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, DMO, sọ ní 2020 pé èlé ẹ̀yáwó Ṣáínà jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ogún ọdún la ó fi san, a kò sì ní san ojú owó ní ọdún méje àkọ́kọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ti yá owó báńkì rí yóò ní ìyẹn dára púpọ̀. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dọ́là la ó fi san. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà òkè òkun, ẹ ò nílò alálàyé: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì, kí 2024 tó parí ó ti ju 1,500 lọ. Gbèsè kò fi sẹ́ǹtì kan lé sí i, síbẹ̀ náírà tí a ó kó jọ láti san án ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ará Ṣáínà kọ́ ló fà á. Ẹni tó ń pa náírà tó lọ yá dọ́là, ó yẹ kó ti ṣírò ìyẹn.

Íńdíà ní tirẹ̀ kì í fi bò. Ẹ̀yáwó tí Exim Bank tiwọn ń fún àwọn ìjọba Áfíríkà, ìlànà rẹ̀ ni pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá fi rà gbọ́dọ̀ ti Íńdíà wá. Gba owó lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ mi ni kí o ti ná an. Oníbàárà tó gbọ́n á kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ta ló ń béèrè fún wa? Ní 2020, ilé aṣòfin Abuja pariwo pé gbólóhùn kan nínú ìwé ẹ̀yáwó 400 mílíọ̀nù dọ́là lè fi ẹ̀tọ́ ìlú wa sọ́wọ́ Ṣáínà. Mínísítà fún ìrìnnà dáhùn pé ọ̀rọ̀ ìdúró fún gbèsè lásán ni, pé ẹni tó yáni lówó gbọ́dọ̀ ní ibi tó lè pẹjọ́ sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwa náà kì í yáni lówó láìsí onídùúró. Àmọ́ 2018 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé yẹn! Ìgbìmọ̀ tó bá dán irú èyí wò nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ ó lé wọn dànù ní ìpàdé ọdún ni.

Àwa náà ń fúnni o, ẹ má gbàgbé. Òkè lọwọ́ afúnni ń gbé. Ní 1976, Nàìjíríà fi 80 mílíọ̀nù dọ́là owó epo sí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, kí wọ́n máa yá àwọn orílẹ̀-èdè tó kù díẹ̀ káàtó ní èlé kékeré. Ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, a dá Technical Aid Corps sílẹ̀. Dókítà wa, tíṣà wa, nọ́ọ̀sì wa ń lọ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì, Nàìjíríà ló sì ń fún wọn lówó ìjẹun. Wọn kì í tajà. Ìmọ̀ tí wọ́n fi kọ́ni kì í sì í bá wọn padà wálé. Bràsíl náà ṣe ohun tó jọ ọ́ nítòsí wa: láti 2009, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn wọn bá Benin, Mali, Chad àti Burkina Faso ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn òwú, ní oko ìwádìí Sotuba ní Mali. Irú ìrànwọ́ yìí gan-an ló yẹ ká máa tọrọ.

Ojú irin Tànsáníà ti di jákujàku fún ọdún pípẹ́, ẹ̀rọ ò pé, pààtì ò sí. Ní September 2024 wọ́n tún bá Ṣáínà fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n wá jí i dìde, òwò sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Nítorí náà, a fẹ́ kí àwọn aṣojú wa l'Abuja béèrè nípa tiwa kó tó gbó: ta ló ń ta pààtì rẹ̀ fún wa, èló? Àwọn ọmọ wa mélòó ló lè tún ẹ̀rọ náà ṣe láìpe ará Ṣáínà? Ẹrù ọjà tó ń kó ńkọ́, ó ti tó mélòó? A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti fi rélùwéè náà kó ẹrù rí nínú yín, kó mú rìsíìtì rẹ̀ dání wá.