Ẹ Jẹ́ Kí Á Mú Àwọn Ọmọ Dé Etí Odò Ọya

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ̀yin abiyamọ, nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi ilé-ìwé, kì í ṣe ìlú ńlá nìkan ni a lè mú wọn lọ kí ojú wọn lè là. Ẹni tí ó wà ní Òsì tàbí Ìlọ́fà lè gba Òmù-Àrán àti Àjàsẹ́-Ìpo, kí ó sì forí lé Làfíàgí àti Pàtígì, níbi tí Odò Ọya gbé ń ṣàn. Bí àwọn òkè Èkìtì bá ti ń jìnnà sí yín ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ yóò máa tẹ́ sílẹ̀, tí ẹ ó sì máa gbọ́ èdè Núpé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tí ń ná an lójoojúmọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni àwọn agbébọn pa ọba Kòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tiwa níhìn-ín. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, ẹ sún ìrìn-àjò síwájú. Bí ó bá dára, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ilẹ̀ má baà ṣú yín sọ́nà.

Bí ẹ bá dé Pàtígì, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé orí òkè Guinea ni omi yìí ti ṣẹ̀, pé ó gba Mali àti Niger kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti pé gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Ẹ fi àwọn apẹja àti oko ìrẹsì hàn wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹja yíyan, ẹ yan èyí tí ó gbẹ dáadáa tí kò bu, kí ẹ sì tún un yan nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ lúwẹ̀ẹ́ níbi tí omi gbé dákẹ́ létí koríko, nítorí àtọ̀sí ajá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ó wà lọ́kàn mi jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn èrò ìgbéyàwó padà sí agbègbè Pàtígì fọ́ lóru nínú odò yìí. Èrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì kọlu igi ńlá kan nínú omi. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Obìnrin àti ọmọdé wà lára wọn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ lóru, ẹ má sì wọ èyí tí ó kún. Bí kò bá sí ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó fún olúkúlùkù yín, ẹ dúró sí etí omi. Ti ọmọ gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ mu, nítorí ti àgbàlagbà yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ojú lè máa tì yín láti sọ fún atukọ̀ pé ẹ kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì fa ọmọ yín lọ́wọ́.

Bí ẹ kò tilẹ̀ wọ ọkọ̀, ọmọ yín ti rí odò ńlá, ó sì ti gbọ́ èdè ẹlòmíràn. Ìyẹn náà tó mú wálé.