Ọdún 1842 ní Ilẹ̀ Swídìn

Ogun àti ọba ni a sábà máa ń wá nínú ìtàn ilẹ̀ Swídìn. Ní tèmi, ọdún 1842 ni mo fi ṣáájú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Júùnù ọdún náà, lábẹ́ Ọba Karl XIV Johan, òfin jáde pé kí olúkúlùkù àgbègbè ìjọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ó kéré tán, kí olùkọ́ tí a ti yẹ̀ wò sì wà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ni a fi fún wọn láti mú un ṣẹ.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìwé rárá tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1686 ni òfin Ìjọ ti pàṣẹ pé kí àgbà àti èwe mọ̀wé kà, àlùfáà a sì máa dán agbo ilé kọ̀ọ̀kan wò. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ń kàwé geere ni kò lè kọ ọ́.

Ohun tí mo yìn jù ni pé a pàṣẹ kí ilé ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ wà ní Stockholm àti ní olúkúlùkù ìlú tí bíṣọ́ọ̀bù fi ṣe ibùjókòó. Wọ́n mọ̀ pé ògiri kì í kọ́ ọmọ ní ìwé. Apá kan owó-iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ ọkà. A sì fún un ní ilé, igi ìdáná àti koríko fún màlúù kan. (Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín: ẹni tí ó rí wàrà mu ní òwúrọ̀ kò ní tètè sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́.)

Síbẹ̀ mo ní ẹ̀sùn kan. Òfin náà gbà pé ọmọ òtòṣì, tàbí ọmọ tí òye rẹ̀ kò tó, lè dúró lórí ẹ̀kọ́ tí ó kéré jù: ìwé kíkà àti kíkọ, ìmọ̀ ìsìn, orin ìjọ, àti oríṣi ìṣirò mẹ́rin. Ìtàn ilẹ̀ bàbá rẹ̀ àti ìmọ̀ nípa ayé di ti ọmọ ẹlòmíràn. Ta ni ó wí fún wọn pé òṣì àti àìlóye jẹ́ ọmọ ìyá kan náà?

Wọn yóò ní owó kò tó. Òótọ́ ni, àwọn àgbẹ̀ inú ìgbìmọ̀ aṣòfin bẹ̀rù ìnáwó náà, àti níbi tí ilé jìnnà sí ara wọn, olùkọ́ ní láti máa ṣí kiri láti abúlé dé abúlé. Bí owó kò bá tó, ẹ dín ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ kù fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ti dárúkọ òtòṣì, bàbá tí ó fẹ́ kí ọmọ wá ro oko yóò tọ́ka sí i, ọ̀gá tí ó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ yóò tọ́ka sí i pẹ̀lú. Èsì wo ni olùkọ́ yóò fún wọn?