Ohun tí MOT Kọ̀ ní Peckham Kì í Ṣe Ẹ̀bùn fún Ará Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa nínú, ní Peckham, ní Camberwell àti ní gbogbo ọ̀nà Old Kent Road, nítorí pé ó kan àpò ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì kan àwa tí a ń kọ ọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Bí mẹkáníìkì wa bá sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń dún, táyà kọ́ ni ó ń bá wí. Gbogbo irin àti rọ́bà tí ó so táyà iwájú mọ́ ara ọkọ̀ ni: ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì, áàmù, búṣì, línkéèjì, àti bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, tí ó sì léwu jù nínú wọn. Nígbà tí a bá fi tuntun rọ́pò wọn níhìn-ín, níbo ni àwọn ògbólógbòó ń gbà lọ?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa. A ní Nissan Micra kékeré kan tí a fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí a sì fi ń lọ ra ẹran àti iṣu ní Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti ń dún kó-kó-kó lórí gbogbo bọ́ǹpù fún bí oṣù mẹ́ta, a sì ń yí rédíò sókè kí a má baà gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ MOT pé, wọ́n kọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì ọ̀tún ti ń mì nínú ihò rẹ̀, rọ́bà búṣì ti ya, sípíríǹgì òsì sì ti kán nísàlẹ̀, níbi tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù ti jẹ ẹ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọmọ wa kan tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ afárá rélùwéè. Ó pààrọ̀ ohun gbogbo lọ́tùn-ún lósì, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Bí ó ti ń nu ọwọ́, ó kó àwọn àlòkù náà sínú àpò ìrẹsì kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Àbúrò, ṣé o fẹ́ lọ dà wọ́n nù ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ládípọ̀ ni wọ́n ń lọ."

A jọ rẹ́rìn-ín. A sanwó, a wa ọkọ̀ wa lọ.

Lẹ́yìn náà ni a lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé Micra ni ó ń gbé èrò ibẹ̀ káàkiri. A wọ ọ̀kan láti Ìwó Road lọ sí Dùgbẹ̀, a fún mọ́ ara wa bí ẹja inú agolo. Kó-kó-kó. Bí ó ti ń wọ gálọ̀pù kọ̀ọ̀kan ni sitiárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, tí ó ń fa ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà bí ẹni ń fa ewúrẹ́ aláìgbọràn. A mọ ariwo yẹn. A kò sọ pé irin tiwa ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a rín lábẹ́ afárá padà wá bá wa, ojú sì tì wá.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí àwọn irin wọ̀nyí ń ṣe lè rò pé ariwo lásán ni a ń sá fún. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ kékeré òde òní, ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ irú èyí tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Earle MacPherson, ṣe ètò rẹ̀. Ford Consul àti Zephyr tí ó jáde ní ọdún 1950, tí wọ́n ń ṣe ní Dagenham ní òdìkejì odò Thames sí wa, wà lára àwọn ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ lò ó. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì dúró bí òpó kan. Orí òpó náà wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ so mọ́ họ́ọ̀bù tí táyà wà lára rẹ̀. Áàmù ni ó wá na ọwọ́ láti abẹ́ ọkọ̀ di ìsàlẹ̀ náà mú, ibi tí wọ́n sì ti pàdé ni bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì wà, bí orí eegun itan ṣe wọ inú ihò ìbàdí. Bí ó bá yọ, táyà á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á fi irin wọ́lẹ̀. Sitiárìn kò ní nǹkan kan láti yí mọ́. Ṣọ́ọ̀kì tí epo rẹ̀ ti jò tán kò ní já bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí táyà máa fò kúrò nílẹ̀, bíréèkì kò sì lè dá táyà tí ó wà lófuurufú dúró. Ní Peckham níbi tí a ti ń sá ogún máìlì ní wákàtí, bóyá ẹ̀rù nìkan ni yóò bà wá. Ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, òkú ni.

A máa ń kùn sí MOT. A ń pè é ní ọgbọ́n tí ìjọba fi ń gba owó lọ́wọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé £54.85 ni iye tí ó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà fún àyẹ̀wò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọdún 1960 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà náà, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta ní 1967. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín àléébù sí, bí wọ́n bá sì kọ ewu sára ìwé ọkọ̀ kan, a kò gbọdọ̀ wà á títí a ó fi tún un ṣe. Ẹni tí ó bá wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn tí ó tó £2,500. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn òfin yìí nínú wa, ṣùgbọ́n abẹ́ òjìji rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí aláyẹ̀wò bá kọ irin kan pé kò yẹ fún ọmọ tiwa, kí ni ó sọ ọ́ di èyí tí ó yẹ fún ọmọ àbúrò wa?

Àwọn kan á ní ọkọ̀ ìhín kò tilẹ̀ wúlò nílé, nítorí pé apá ọ̀tún ni sitiárìn rẹ̀ wà, Nàìjíríà sì ti fi wíwa ọkọ̀ ní apá òsì sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi ń tú ọkọ̀ Peckham palẹ̀ kí ó tó lọ: ilẹ̀kùn, ẹ́ńjìnì, jíà, ìjókòó, àti ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò mọ apá ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Áàmù tí a yọ lábẹ́ Micra wa á wọ Micra Ìbàdàn wẹ́kú, bí wọ́n bá ti jẹ́ irú kan náà. Nígbà tí ULEZ, owó orí èéfín ọkọ̀, dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, tí ó sì gba gbogbo London ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwa tí a kò lè máa san £12.50 lójúmọ́ ta ògbólógbòó wa fún ẹni tí ó kọ́kọ́ na owó sí wa. A kò béèrè ibi tí ó ń gbé e lọ.

Ní ọdún 2020, àjọ UNEP gbé ìwádìí kan jáde lórí àlòkù ọkọ̀: mílíọ̀nù 14 ni a kó ránṣẹ́ sí òkèèrè láàrin ọdún 2015 sí 2018, Áfíríkà sì ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba Netherlands wo àwọn ọkọ̀ tí ó ń ti èbúté wọn lọ sí Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kò ní ìwé àyẹ̀wò tí ó ṣì múlẹ̀. Ẹni tí ó bá ka èyí nínú wa á yára dá òyìnbó lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń di kọ̀ntéínà ní Old Kent Road? Orúkọ ta ni a fi ọ̀dà kọ sára dúrọ́ọ̀mù?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó ń ṣe òwò náà. Wọ́n ní Tòkunbọ̀ ojúlówó sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì tuntun tí ènìyàn rà lọ́jà nílé lè má lo oṣù mẹ́fà, nígbà tí èyí tí ó bá ọkọ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ ti lo ọdún mẹ́wàá, tí ó ṣì lè lo ọdún kan sí i. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ni ó ń sọ ọ́, a kò sì gbọdọ̀ ti òkè òkun bú u.

Ṣùgbọ́n ó da ohun méjì tí kò jọra pọ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ lè lo ogún ọdún kí ó ṣì máa jẹ́ ilẹ̀kùn. Búṣì, bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì àti ṣọ́ọ̀kì dà bí ọṣẹ: bí a ti ń lò wọ́n ni wọ́n ń tán. Ẹni tí ó ra àlòkù ọṣẹ, ìyókù ni ó rà. Tiwa yìí kì í tilẹ̀ ṣe ìyókù, nítorí pé MOT ti kọ̀ ọ́ kí ó tó wọ àpò. Òwò Tòkunbọ̀ kò burú. Owó rẹ̀ ni a fi rán ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilé ìwé. Bí ọkọ̀ kan bá ní jàǹbá lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣì le koko, kí ẹni tí ó fẹ́ tú u tà tú u tà. Ohun tí a yọ nítorí pé ó ti kú ni a ń bá wí.

Kí ló dé tí tuntun kì í pẹ́ nílé? Ayédèrú wà, gálọ̀pù sì wà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹkáníìkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nílé àti níhìn-ín, a kò ní bò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ dirodiro, tí yóò fi áàmù tuntun sí i, tí yóò sì di bóòtì búṣì pinpin níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá padà sílẹ̀, áàmù á gòkè, rọ́bà tí a ti dì mọ́ ibi tí ó rọ̀ sí á wá lọ́ bí aṣọ tí a ń fún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà ní lílọ́ tọ̀sán tòru kí ó tó rí gálọ̀pù kan ṣoṣo. Láìpẹ́ yóò ya, oní-mọ́tò á sì máa bú ẹni tí ó ta á fún un. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ dá bóòtì náà dúró, kí ọkọ̀ jókòó lórí táyà rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, kí a tó wá dì í dé ojú ìwọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Wọ́n tún ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀gbẹ́ kan kí owó má baà pọ̀. Ẹsẹ̀ kan á le, èkejì á rọ̀, ọkọ̀ á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a bá tẹ bíréèkì lójijì. Wọn kì í ṣe aláíńmẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀, táyà tuntun á sì jẹ nínú. Ní ti sípíríǹgì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì láìjẹ́ pé irin tí a fi ń fún sípíríǹgì ti fún un mọ́ra tán. Agbára tí ó wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn.

A ti gbọ́ ọ pé iṣẹ́ FRSC ni láti mójú tó ọkọ̀ nílé. Láti ọdún 1988 ni àjọ náà ti wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè wo iná, kí ó wo táyà, kí ó béèrè ìwé. Kò lè dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ gbogbo táksí tí ó ń kọjá. Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ka ògbólógbòó táyà mọ́ ọjà tí kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì nínú àpò ìrẹsì? Àwọn tí ó mọ̀ dájú pé irin yẹn ti kú kò ju méjì lọ: ẹni tí ó yọ ọ́, àti ẹni tí ó sanwó pé kí ó yọ ọ́.

Nítorí náà, a ń sọ ọ́ gbangba pé ohun tí MOT kọ̀ kò gbọdọ̀ wọ dúrọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè àlòkù yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin ni ẹ ni ín. Kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ gé ìdí bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì níṣojú yín, kí ó fi ọ̀bẹ ya rọ́bà búṣì. Ṣọ́ọ̀kì kò ṣe é gé, epo àti gáàsì wà nínú rẹ̀. Kí ó bá irin àlòkù lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń rà á ní kílò. Bí àánú ará ilé bá ń ṣe yín, ẹ ra tuntun ojúlówó, tọ̀tún tòsì, kí ẹ fi wọ́n há àárín aṣọ inú dúrọ́ọ̀mù. Áàmù méjì fún ọkọ̀ kékeré kì í sábà tó owó aṣọ ẹbí tí a ń dá fún ọjọ́ kan ṣoṣo ní Peckham. (Àwọn ìyá wa yóò bínú sí èyí. Ẹ foríjì wá. Àwọn bàbá náà ń dé fìlà rẹ̀.)

A padà lọ bá àbúrò wa lábẹ́ afárá, a sì sọ gbogbo èyí fún un. Ó gbé sípánà sílẹ̀, ó gbọ́ wa tán.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá tà á, ẹlòmíràn á tà á."

A ní kò burú. A ní kí ó wá fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò náà ní èdè Yorùbá pé MOT ti kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní Ládípọ̀ lè kà á kí ó tó na owó.

Ó wo àpò náà títí. Ó ní, "Ta ni yóò wá rà á?"

Àpò náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.